Abẹ́rẹ́ Olóṣù Mẹ́ta Nítorí Ọ̀nà

A ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Rosari ní àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kábà, ní oṣù kẹwàá tó kọjá, nígbà tí ọmọbìnrin kan bi mí ní ìbéèrè kan tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Tíṣà ni. Ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wà lọ́nà Ìsánlú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló sì ń wọ ọkọ̀ lọ, tó ń wọ ọkọ̀ bọ̀. Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí ọ̀nà ti dà. Bí ọmọ ẹni bá ti wọ ọkọ̀ láàárọ̀, ọwọ́ ẹni kì í kúrò lára fóònù títí yóò fi pè pé òun ti dé. Wọ́n ti jí èèyàn gbé lójú ọ̀nà, wọ́n ti jí èèyàn gbé lóko, wọ́n sì ti wọlé mú ẹlòmíràn lórí ibùsùn. Tí a bá sanwó tán, tí àwọn tí wọ́n kó lọ bá padà dé, a ó sọ̀rọ̀ nípa iye tí a san, a ó sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ wọn tó wú. Ohun tí ojú àwọn obìnrin inú wọn rí nínú igbó, a kì í bèèrè rẹ̀ sókè.

"Màmá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta nítorí ọ̀nà yìí, ṣé mo ṣì lè gba Kómúníọ̀nù?"

Abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún fún oṣù mẹ́ta ló ń sọ. Ọmọ náà kò tíì lọ́kọ, kò sì ní ọkùnrin kankan tó ń bá lò. Bí ẹlòmíràn ṣe ń ti ilẹ̀kùn kó tó sùn ló fẹ́ fi gba abẹ́rẹ́ yẹn. Àwa obìnrin CWO, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kátólíìkì, bí mẹ́wàá la dúró níbẹ̀. Ọ̀kan ní, "Ọlọ́run ò ní jẹ́." Òmíràn ń wí pé "Ẹ̀jẹ̀ Jésù," ó ń yí orí rẹ̀ ká bí ẹni ń lé nǹkan dànù. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún márùndínlógójì, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì, mo ní kó lọ bi Fada. Àgbà mẹ́wàá wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, orí ọmọ tuntun sì wọ́.

Ohun tó yẹ kí n sọ fún un ni mo fẹ́ kọ síbí yìí.

Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe tuntun nínú Ìjọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí irú rẹ̀ ti dé Róòmù, láti ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ló sì ti lọ. Ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1960 ni Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí àwọn ọmọ ogun fi ṣọ̀tẹ̀, ìlú sì dàrú. Wọ́n ń fipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀, àwọn Sísítà tó wà ní míṣọ́ọ̀nù, àwọn obìnrin tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé àwọn kò ní lọ́kọ, kò sì yọ sílẹ̀. Ìbéèrè wá dìde: Sísítà tó mọ̀ pé wọ́n lè já ilẹ̀kùn òun lóru òní tàbí ọ̀la, ṣé ó lè lo oògùn tí kò ní jẹ́ kó lóyún bí wọ́n bá fipá bá a lò? Lọ́dún 1961, ìwé ìròyìn kan ní Ítálì tó ń jẹ́ Studi Cattolici tẹ èsì àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ ìsìn mẹ́ta jáde. Pietro Palazzini ni ọ̀kan, òun ló di kádínà nígbà tó yá. Franz Hürth, àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì, ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni Ferdinando Lambruschini. Ọ̀nà tí olúkúlùkù tọ̀ yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí: ó lè lò ó, kò sì dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níbí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn wa lọ́pọ̀ ìgbà. Ní oṣù kejì ọdún 2016, Póòpù Francis ń bọ̀ láti Mẹ́síkò, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn nínú ọkọ̀ òfuurufú pé Paul VI gba àwọn Sísítà láyè láti lo oògùn yẹn ní Áfíríkà nígbà ìṣòro ìfipábánilòpọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìwé àṣẹ kan wà tí Póòpù fọwọ́ sí. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí Róòmù tẹ̀ jáde. Lọ́dún 1961 yẹn, John XXIII ló wà lórí àga Pétérù; 1963 ni Paul VI tó dé orí rẹ̀. Èsì àwọn onímọ̀ mẹ́ta yẹn ló wà nílẹ̀, Róòmù kò sì bá wọn wí lé e lórí. Mo fẹ́ kí á gbé òtítọ́ bó ṣe wà, torí bí a bá fi irọ́ kékeré ti ọ̀rọ̀ gidi lẹ́yìn, ọjọ́ tí irọ́ náà bá ṣubú, yóò gbé ọ̀rọ̀ gidi lọ.

Ìwé tí gbogbo èèyàn máa ń fà yọ láti fi dẹ́rù ba àwọn ọmọbìnrin ni Humanae Vitae, tí Paul VI kọ ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1968. Ìpín kẹrìnlá rẹ̀ ló kọ̀ fún tọkọtaya láti mọ̀ọ́mọ̀ dí ọmọ lọ́nà, ìbáà ṣe ṣáájú ìbálòpọ̀, nígbà tó ń lọ lọ́wọ́, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Mo gba ìwé yẹn gbọ́. Èmi àti ọkọ mi gbé ìgbé ayé wa lórí rẹ̀, kò sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tó wà lójú ewé tó ṣáájú ìyẹn. Ní ìpín kẹtàlá, Póòpù sọ pé ìbálòpọ̀ tí ẹnì kan bá fi ipá mú ẹnì kejì rẹ̀ ṣe nínú ìgbéyàwó, láìka ipò tó wà àti ohun tó fẹ́ sí, kì í ṣe ìṣe ìfẹ́ tòótọ́. Láàárín tọkọtaya gan-an nìyẹn o! Mélòó mélòó wá ni ti ọ̀bẹ lọ́rùn nínú igbó? Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìfẹ́ tí èèyàn méjì fi tinútinú fún ara wọn ni ìwé náà ń sọ. Ẹ kò lè gbé òfin tí a ṣe fún ẹ̀bùn kí ẹ fi dá ẹjọ́ ẹni tí wọ́n jà lólè.

Lambruschini tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun gan-an ni Vatican ní kó dúró níwájú àwọn oníròyìn ní ìparí oṣù keje ọdún 1968 láti gbé Humanae Vitae kalẹ̀ fún ayé. Ọkùnrin kan náà tó kọ ọ́ pé Sísítà Kóńgò kò dẹ́ṣẹ̀. Kò jọ pé ó rí i bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ń bá ara wọn jà.

Bí èmi ṣe lóye rẹ̀ rèé. Obìnrin tó bá gba ọkùnrin mọ́ra, tó sì tún ṣe é kí ìbálòpọ̀ náà má lè so èso, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó sì tún sọ rárá sí apá kan ohun tó sọ bẹ́ẹ̀ ni sí. Ibẹ̀ ni Ìjọ ti ń bá a jà. Ẹni tí wọ́n fipá bá lò kò sọ bẹ́ẹ̀ ni sí ohunkóhun. Rárá ni ẹnu rẹ̀ ń wí, rárá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wí, rárá ni igbe rẹ̀ ń wí bó bá ráyè ké. Oògùn tó gbà wà lára rárá yẹn. Ìkọlù náà kò sì parí nígbà tí ọkùnrin náà dìde. Ohun tó fi sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ ṣì ń rìn. Bí obìnrin bá ní ẹ̀tọ́ láti ti ọkùnrin náà dànù, ó ní ẹ̀tọ́ láti dí ọ̀nà mọ́ àtọ̀ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní ọ̀dọ́bìnrin lè fi ọ̀nà Ìsánlú bojú kó máa ṣe ìṣekúṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn wà láàárín òun àti ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, kì í ṣe ìdí tí a ó fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń sá fún ẹranko. Ó yà mí lẹ́nu bí a ṣe máa ń jókòó ní ìpàdé, tí a ó fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ lórí oògùn, tí a kò ní fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọkùnrin tó ń fipá báni lò, tí òmíràn nínú wọn ń gbé láàárín wa, tó ń gbé igbá ọrẹ. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Mo rò pé mo mọ ibi tí ìdákẹ́jẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo wà nílé ìwé àwọn obìnrin, wọ́n máa ń ka ìtàn Maria Goretti fún wa. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ní Ítálì, lọ́dún 1902, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin aládùúgbò wọn tó fẹ́ fipá bá a lò gún un lọ́bẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ó dárí jì í kó tó kú ní ọjọ́ kejì. Ní 1950 wọ́n kà á kún ẹni mímọ́. Mo fẹ́ràn ọmọ náà títí di òní, mo fi orúkọ rẹ̀ gba ìfìdímúlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe sọ ìtàn rẹ̀ fún wa, ohun tí àwa ọmọbìnrin gbọ́ ni pé ẹni tó bá yè, ó ti gbà fún un nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ mímọ́ ni yóò kú. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé Augustine Mímọ́ ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà láéláé. Nígbà tí àwọn Gótì, ẹ̀yà jagunjagun kan, kó Róòmù lọ́dún 410, tí wọ́n fipá bá àwọn Kristẹni obìnrin lò, títí kan àwọn wúńdíá tó ti ya ara wọn sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run, àwọn kan ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Augustine kọ ọ́ sínú ìwé kìíní Ìlú Ọlọ́run pé inú ọkàn ni ìwà mímọ́ ń gbé: bí ọkàn kò bá ti gbà, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn kò lè sọ obìnrin náà di aláìmọ́. Ó ti lé ní 1,600 ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀. Ọmọ ogójì ọdún ni mí kí n tó gbọ́ ọ.

Ó sì ní ohun tí àìmọ̀ mi fà.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá ní àárọ̀ kùtù. Wọ́n ti fipá bá ọmọ náà lò lálẹ́ àná, lójú ọ̀nà odò. A tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá rọra bi mí bóyá oògùn kan wà tí kò ní jẹ́ kó lóyún. Oògùn náà wà ní kẹ́mísì tí kò jìnnà síbẹ̀, mo sì mọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ̀ṣẹ̀ ni, a kì í ṣe irú ẹ̀ níbí." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọmọ náà padà wá, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń gún abẹ́rẹ́ láti ilé dé ilé, tó bá a ṣẹ́ oyún. A gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Oyún tí mo rò pé mò ń dáàbò bò, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà ikú fún un.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí mo ṣe. Oògùn tí à ń pè ní Postinor, levonorgestrel ni, mílígíráàmù kan àtààbọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í jẹ́ kí ẹyin obìnrin tètè jáde. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún, ẹyin kì í sì lò ju ọjọ́ kan lọ lẹ́yìn tó bá ti jáde. Bí ẹyin kò bá jáde lásìkò tí àtọ̀ wà níbẹ̀, wọn kò ní pàdé. Kò sí ọmọ tí ẹnikẹ́ni pa. Àárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìkọlù ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, bó bá sì ṣe yá tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Wákàtí 72 kan náà ni oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá kí á tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì fi ń lò ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé Postinor kì í ba oyún tó ti wà nínú jẹ́. Àwọn onímọ̀ Kátólíìkì kan ṣì ń bẹ̀rù pé ó lè má jẹ́ kí ẹyin tó ti gba àtọ̀ rí ibi dúró sí nínú ilé ọmọ, ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń fẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ wò bóyá ẹyin ti ń jáde. Àwọn mìíràn ní àyẹ̀wò oyún nìkan tó. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn fún àwọn ilé ìwòsàn Kátólíìkì, ìlànà 36: obìnrin tí wọ́n fipá bá lò lè dáàbò bo ara rẹ̀ kó má baà lóyún láti inú ìkọlù náà, bí àyẹ̀wò kò bá ti fi hàn pé oyún ti wà. Ní oṣù kejì ọdún 2013, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Jámánì náà sọ irú rẹ̀, lẹ́yìn tí ilé ìwòsàn Kátólíìkì méjì ní Cologne kọ̀ láti gba ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n fipá bá lò.

Bí oyún bá ti wà, mo dúró níbi tí Ìjọ dúró: ọmọ náà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, a kò gbọdọ̀ fi ikú rẹ̀ san gbèsè bàbá rẹ̀. Mo mọ bó ṣe wúwo tó láti sọ èyí fún ẹni tó ń gbé e. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí mo fi ń bínú sí ara mi. Ẹni tó bá gbà pé a kò gbọdọ̀ ṣẹ́ oyún ló yẹ kó sáré jù lọ sí kẹ́mísì ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní. Èmi tí mo gbà bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó le jù ti ọmọ tíṣà lọ. Ìyá kan ní abúlé kan lẹ́bàá Mọ̀pà wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti lé lógún ọdún, ṣùgbọ́n òye rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí i ni yóò tẹ̀ lé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí wọ́n fi oògùn ìdènà oyún tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá sí i, èyí tó ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kí òun lè ráyè lọ sóko.

Ní ti ẹ̀ṣẹ̀, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan níbẹ̀. Ọmọ yẹn kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin tó bá bá a lò, ìfipábánilòpọ̀ ló ṣe, bí ọmọ náà tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ohun mìíràn ló bà mí lẹ́rù. Ní ìlú wa, ikùn ló máa ń tú àṣírí. Àwọn tí kò lè sọ ohun tí wọ́n ṣe sí wọn, oyún ló bá wọn sọ ọ́. Bí a bá ti ọ̀nà yẹn pa, tí a kò sì yí ohun mìíràn padà, ọkùnrin náà lè máa wá, ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún, kò ní sí ohun tó máa hàn. A ó ti fi ọwọ́ ara wa dáàbò bo òun, a ó sì rò pé ọmọ la dáàbò bò. Mo bi ìyá náà pé ta ló máa ń wà pẹ̀lú ọmọ náà nígbà tó bá lọ sóko. Ó dárúkọ ẹnì kan nínú ẹbí. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀, mo sì rí i pé òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

Mi ò sọ pé kó má fi sí i. Mo ní kó má jẹ́ pé ìyẹn nìkan la ó ṣe. Ní báyìí, àwa obìnrin mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ pín ọjọ́ oko rẹ̀ láàárín ara wa. Ilé wa ni ọmọ náà ń wà títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Ó fẹ́ràn láti máa ṣa ewé ẹ̀fọ́. Mo tún mú un lọ fún àyẹ̀wò. Èyí tó jáde níbẹ̀, ti ìyá rẹ̀ àti ti àwọn agbófinró ni.

Mo lọ bá Fada níkẹyìn, fúnra mi, mi ò rán ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Mo gbé gbogbo rẹ̀ kalẹ̀: Kóńgò, ìpín kẹtàlá, ìlànà 36. Ó gbọ́ mi títí. Ó ní òun kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní sẹ́mínárì, kò sí ẹni tó bi òun rí láti ìgbà tí òun ti di Fada. Ó ní kí n sọ fún ọmọ náà pé kò dẹ́ṣẹ̀.

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ókun o, Màmá."

"Ókun, ọmọ mi." Mo sọ ọ̀rọ̀ tí Fada sọ fún un.

Ó pẹ́ kó tó fèsì. Ó ní òun ti gba abẹ́rẹ́ náà láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé Rosari yẹn. Ó ní láti ìgbà náà, tí ìlà Kómúníọ̀nù bá ti tò, ìjókòó ẹ̀yìn lòun máa ń wà. Mo ka ọ̀sẹ̀ náà lọ́kàn. Méje ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, iwájú mi ló tò sí. Ní ọjọ́ Ajé, mo bá a dé gáréèjì. Èèyàn mẹ́ta ló kù kí ọkọ̀ kún, a jọ dúró títí wọ́n fi dé, ó wọlé sí ẹ̀yìn dírẹ́bà, ó ju ọwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló pè pé òun ti dé.